Ìtàn tó Tán Nínú Soulik

Ṣáájú ọjọ́ Sátidé yẹn, àwọn tó ti gbọ́ ohùn mi rí nílé àpèjẹ wa kò lè pé márùn-ún. Ẹ̀yìn òpó tó sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń bó èèpo igi tí wọ́n fi ń fún sakau, omi gbòǹgbò táwọn àgbà wa ń mu, ni mo máa ń jókòó sí. Láti ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ gbogbo ohun táwọn àgbà bá ń sọ, kò sì sẹ́ni tó máa ń bi mí ní nǹkan kan. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni Soulik. Oyè ni Soulik, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Lọ́dọ̀ wa, tí èèyàn bá ti joyè, wọ́n ti gbé orúkọ àbísọ rẹ̀ sórí àjà nìyẹn. Òun ni ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí ìyá mi, bó sì ṣe jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ìdílé ń gbà wá, òun ni olórí wa. Èmi àti ìyá mi, Klemensia, la jọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Temwen. Tí omi bá kún, ọkọ̀ lè gbéra lẹ́nu ọ̀nà wa kó sì wọ Nan Madol, ìlú òkúta àtijọ́ tó wà lójú omi, kí iṣu tó jinná lórí iná.

Soulik mọ ìtàn Nan Madol. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ṣá: pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Olisihpa àti Olosohpa, wa ọkọ̀ wá láti ìwọ̀ oòrùn, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa kọ́lé fún òrìṣà wọn sí, pé wọ́n pe ọfọ̀, òkúta sì ń fò láti Sokehs, ní òdì kejì erékùṣù wa, ó ń wá to ara rẹ̀ lérí ara rẹ̀ lójú omi títí ó fi di ìlú. Ọmọdé tó ń rá kòrò mọ èyí. Ṣùgbọ́n tí Soulik bá ń sọ ọ́, ibì kan wà tó máa ń fò. Lónìí á ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìgbì wó iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó rí ibi tó dára. Lọ́la á ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Nígbà míì á ní wọ́n fi ibẹ̀ hàn wọ́n ni, nígbà míì á ní wọ́n kàn rí i. Mo kéré nígbà yẹn, mo rò pé ó ti ń gbàgbé. Mo bi ìyá mi léèrè, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu mi.

"Ṣé wọ́n máa ń wa ìdí ebè dé àpáta ni?" ó ní. "Àgbà tó bá sọ ìtàn rẹ̀ tán, kí ló tún ń dúró ṣe láyé? Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń fò ó ni. Tó bá kù díẹ̀ kó lọ, á pe ẹnì kan, á fi lé e lọ́wọ́. Kó o má ṣe béèrè mọ́."

Mi ò béèrè mọ́. Ṣùgbọ́n etí ò ní ilẹ̀kùn. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ohun tí Soulik já sílẹ̀ lónìí, mo ṣà á. Èyí tó já sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mo fi kún un. Mi ò ní in lọ́kàn láti fi ṣe nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, àwọn àgbà péjọ nítorí pátákó kan tí wọ́n fẹ́ rì mọ́ ibi tí ọkọ̀ ti ń gbé àwọn àlejò lọ wo ìlú náà. Wọ́n ní kí àwọn àgbà fẹnu kò sí ìtàn kan ṣoṣo tí wọ́n máa kọ sí i. Òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn ọkùnrin ń gún gbòǹgbò sakau lórí òkúta pẹrẹsẹ, òkúta náà sì ń dún bí agogo. Lepen wà níbẹ̀. Bàbá arúgbó láti Sokehs ni, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló lọ́kọ lọ́dọ̀ wa, ọdún kejì tó ti ń gbé pẹ̀lú wọn rèé. Láti ìgbà tó ti dé, òun àti Soulik kò tíì fẹnu kò rí, títí kan bóyá òjò ń rọ̀ tàbí kò rọ̀.

"Kò le rárá," Lepen ní. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àlejò méjì ló kọ́ ọ, àti òkúta Sokehs. Ẹ̀yin ará ibí, kí lẹ fi sí i? Ẹrẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Soulik náà rẹ́rìn-ín. "Inú ẹrẹ̀ náà lẹ gúnlẹ̀ sí."

"A gúnlẹ̀ sí i, a sì bá yín níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣa akàn. Soulik, jẹ́ ká sọ òótọ́. Ìlú tó tóbi tó yẹn, ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí kan ò fi ìka kàn án. Àfi tó bá jẹ́ pé ẹ bá wọn pọnmi."

"Ṣé omi dídùn ni, àbí omi iyọ̀?" ẹnì kan ní, ọ̀kan lára àwọn tí Soulik fúnra rẹ̀ kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń gbin iṣu. Ẹ̀rín tún sọ.

Wọ́n gbé igbá àgbọn dé ọ̀dọ̀ Soulik. Ó di ojú rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó mu, ó dá a padà. Mo mọ̀ pé èsì wà nínú rẹ̀. Mo mọ bí èsì náà ṣe gùn tó. Ó ń wo àárín itan ara rẹ̀, ẹ̀rín àwọn èèyàn sì ń dà lé e lórí, àyà mi bá gbóná.

"Obìnrin wa ló fi ibẹ̀ hàn wọ́n," mo ní.

Mo rò pé inú ni mo ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gún sakau gbé ọwọ́ dúró, gbogbo ojú sì ṣí sí ẹ̀yìn òpó mi. Ó yẹ kí n dákẹ́. N kò dákẹ́.

"Tẹ̀gbọ́n tàbúrò yẹn kò mọ òkun ibí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìgbì wó iṣẹ́ wọn. Obìnrin kan nínú ìdílé wa ló gbé ọmọ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó wọ omi títí omi fi dé àyà rẹ̀, ó ń rìn, ó ń dúró, títí ó fi dé ibi tí ìgbì ti ń kú. Ó ní, 'Ibi tí ìgbì ò bá ti kan ẹsẹ̀ ọmọ mi ni kẹ́ ẹ tẹ́ òkúta àkọ́kọ́ sí.' Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ibẹ̀ náà ló wà dòní."

A ń gbọ́ òjò lórí òrùlé. Bàbá kan tó gbé igbá dání kò rántí gbé e dé ẹnu. Lepen tẹ orí ba, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń wá a.

Soulik fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde. Ojú rẹ̀ kò le. Ó dà bí ojú ẹni tó ru ẹrù láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún un láìròtẹ́lẹ̀.

"Ó tán," ó ní. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó tán." Ó bọ́ sínú òjò, ó gba ilé lọ.

Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò sì dìde mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, ó pe ìyá mi, ó sọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n máa pa níbi ìsìnkú òun, ó sọ ibi tí àwọn iṣu tó ń fi pamọ́ wà nínú oko. Ọkùnrin lọ́dọ̀ wa kì í sọ ibi tí iṣu rẹ̀ wà fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ìyá mi gbọ́ ìyẹn ló wá mọ̀ pé kì í ṣe àárẹ̀ lásán. Oúnjẹ tí a gbé síwájú rẹ̀, bí a ṣe gbé e sílẹ̀ la ṣe ń gbé e kúrò.

Lọ́jọ́ Ajé, mo hu gbòǹgbò sakau fúnra mi, mo gún un, mo fún un, mo fi eékún rìn wọlé tọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n bá gbé sakau wá bẹ̀, kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Ohun tó wù kó ti ṣẹlẹ̀, bó bá ti mu ún, ọ̀rọ̀ parí. Ó mu ún tán pátá.

"Lihna," ó ní, "mo ti dárí jì ẹ́ kó o tó dé ẹnu ọ̀nà. Ṣé o rò pé ìbínú ló gbé mi dùbúlẹ̀?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

"O sọ ọ́ dáadáa. Ìwọ ni mo tiẹ̀ fẹ́ fi í lé lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. O kàn gbà á kí n tó nawọ́ rẹ̀ sí ọ ni." Ó rọra fọwọ́ kan orí mi. "Kò ṣá sí nǹkan nínú mi mọ́. Mò ń wo inú ara mi, mi ò rí nǹkan kan. Àgbà tó ṣófo, kí ló ń jẹun fún?"

Ká ní ó fi igbá yẹn là mí lórí ni, ìbá dùn mọ́ mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jáde, mo lọ dúró ti ìyá mi nílé ìdáná. Ó ń rin àgbọn, kò sì gbójú sókè.

"Má sunkún sínú àgbọn mi," ó ní.

"Ó ti mu ún. Ó dárí jì mí. Síbẹ̀ náà, ó fẹ́ kú."

"Ìdáríjì kọ́ ló ń wá." Ó rin àgbọn síwájú díẹ̀. "Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti mọ ọkùnrin yẹn. Àdúrà kì í gbé e dìde lórí ẹní. Oúnjẹ kì í gbé e dìde. Láti ọdún méjì yìí, ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kó jí kí àkùkọ tó kọ: ohun tó fẹ́ lọ sọ fún arúgbó Sokehs yẹn."

Èmi tí mi ò lè kí ẹni tí mi ò mọ̀ lójú ọ̀nà. Mo rìn lọ sílé Lepen láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà lẹ́yìn. Mo bá a níbi tó ti ń so ọwọ́ iṣu mọ́ igi. Mo kúnlẹ̀ sínú ewé.

"Ta nìyẹn?" ó ní, kò bojú wẹ̀yìn. "Àbí ìwọ tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni? Ti ọdún yìí ò tíì tán?"

"Bàbá wa fẹ́ kú, sà."

"Ta ló fún un láyè?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ń wo ilẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ti fi ọwọ́ iṣu náà sílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tó o sọ lọ́jọ́ yẹn," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, "mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì rẹ̀, èmi nìkan. Láti kékeré ni mo ti ń wo àwọn ògiri yẹn. Òkúta ni mo máa ń rí. Òkúta wa. Ní báyìí, n kò lè wò ó mọ́ kí n má rí obìnrin kan nínú omi pẹ̀lú ọmọ lórí èjìká. Ó ti bà á jẹ́ mọ́ mi lójú. Tàbí ó ti tún un ṣe, mi ò mọ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ gún un títí. Tó bá kú, ta ni màá bá jà? Àwọn ará ilé ọkọ ọmọ mi yìí, tí mo bá ní oòrùn ń ràn, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tí mo bá ní òjò ń rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣé ayé nìyẹn?"

Ó bá mi lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó dúró sórí Soulik bí ẹni tó ń wo iṣu tó rà.

"Mo gbọ́ pé o ti tán."

"Mo ti tán," Soulik ní. Ojú rẹ̀ wà ní dídì.

"Bíńtín yẹn náà ni? Gbogbo ọdún méjì yìí, mo rò pé kànga ni mò ń bá jà. Àṣé igbá ni."

Soulik la ojú kan. "Lọ sílé rẹ."

"Mò ń lọ. Ohun kan wà tí mo fẹ́ fi hàn ọ́ kó o tó kú, ni mo ṣe wá. Ṣùgbọ́n tó bá rẹ̀ ọ́, máa kú lọ. Wọ́n á sin ọ́ pẹ̀lú àìmọ̀ rẹ."

"Kí ni?"

"Mi ò ní sọ ọ́. Ojú la fi ń rí i."

"Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi."

"Ọkọ̀ ò béèrè ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Omi máa kún lọ́la kí oòrùn tó ga. Afẹ́fẹ́ ò sì sí láti àná." Ó yíjú sí mi. "Lihna, o lè ti ọkọ̀ dáadáa?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Soulik ti la ojú kejì náà.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ìyá mi gbé e sínú ọkọ̀. Ìyá mi gbé agbọ̀n oúnjẹ sínú ìdí ọkọ̀. Lepen jókòó síwájú, èmi dúró sẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá, Soulik sì fi orí lé ẹní tí a ká, ó dojú kọ ojú ọ̀run. A gba àárín àwọn igi tó ta gbòǹgbò sínú omi iyọ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, igi dín kù, òkúta sì bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìlú náà, a kì í nawọ́ sí nǹkan kan, a kì í sì gbé ohùn sókè. Kò sẹ́ni tó ní láti rán wa létí. Omi ló jẹ́ ọ̀nà ibẹ̀. Ilé wà lọ́tùn-ún, ilé wà lósì, ìpìlẹ̀ lórí ìpìlẹ̀, ewéko sì ti gun púpọ̀ nínú wọn. Mo ti ń ti ọkọ̀ kọjá létí wọn láti kékeré láti lọ pa ẹja. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yà sí apá Nandauwas, ibi tí wọ́n ń sin àwọn ọba àtijọ́ sí, tí ògiri rẹ̀ yọ sí wa, ọ̀pá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ti rí i rí. N kò rí i báyìí rí. Àwọn òkúta dúdú tó gùn bí ìtí igi, èyí tó dábùú lórí èyí tó nàró, èyí tó nàró lórí èyí tó dábùú, láìsí amọ̀ láàárín wọn, wọ́n ń ga lọ, wọ́n ń ga lọ. Ní igun rẹ̀, wọ́n tẹ̀ sókè bí orí ọkọ̀ tó ń gun ìgbì. Òkúta kan wà nísàlẹ̀ igun náà tó tóbi ju ilé ìdáná wa lọ. Mo gbìyànjú láti ronú ẹni tó gbé e. N kò lè ronú rẹ̀. Mo ronú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó kéré. Mo ronú ọfọ̀, ìyẹn náà kéré. Omi sì ń lá ẹsẹ̀ òkúta yẹn jẹ́jẹ́, kò ní agbára kankan. Ní òkèèrè, jìnnà sí ògiri ìta, a ń gbọ́ ìgbì tó ń bú. Kò dé ibí. Ibi tó ti ń kú nìyẹn.

Soulik ń wo ògiri náà bó ṣe ń kọjá lórí rẹ̀. "Gbogbo ìgbà tí mo bá ń bọ̀," ó ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "mo máa ń rò pé ó máa ti kéré sí i. Ojú ọmọdé ló ń jẹ́ kí nǹkan tóbi, ṣebí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí."

"Kò sì kéré," Lepen ní.

"Kò kéré rárá."

Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí wọ́n máa fẹnu kò lórí nǹkan kan, kò sì jọ pé èyíkéyìí nínú wọn ṣàkíyèsí.

Lepen ní kí n gba àlàfo ògiri ìta jáde sí ibi tí òkun ti ń jìn. Lọ́jọ́ míì, ọkọ̀ kékeré ò lè dúró níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, omi náà tẹ́jú bí òróró. Ó júwe ibì kan fún mi pẹ̀lú àgbọ̀n, ó ju òkúta ìdákọ̀ró sí omi, ó sì wò yíká bí ẹni pé àwọn aládùúgbò wà nítòsí.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí," ó ní, "ọmọ mi tí mo bí ò tíì gbọ́ ọ. Àwa ará Sokehs là ń sọ kiri pé òkúta fò. Kò fò. Ó kéré tán, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló fò. Àwọn bàbá ìdílé mi so ó mọ́ abẹ́ igi tí wọ́n dì pọ̀, wọ́n sì fi okùn fà á yí erékùṣù ká. Ibí yìí ni ìgbì ti dojú wọn dé. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n ń kú, àwọn tó kù ń fà á bọ̀. A ò rí òkú kan sin nínú wọn. Ta ló fẹ́ máa rántí ìyẹn níbi àpèjẹ? La bá ní òkúta fò." Ó yíjú sí omi. "Bàbá mi gbé mi wá síbí nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ kù díẹ̀. Ó ní kí n wo ìsàlẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀."

Mo di ìbàdí Soulik mú, ó fi àyà ti etí ọkọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wo ìsàlẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, n kò rí nǹkan kan ju oòrùn tó ń já sínú omi. Lẹ́yìn náà, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó nípọn, tí iyùn òkun ti bò, tí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run ń yí ká. Orí rẹ̀ kò jìn sí wa ju gíga igi àgbọn kékeré lọ. Ibi tí ìdí rẹ̀ wà, n kò rí i. Omi ibẹ̀ ti di aró.

"Lepen," Soulik ní.

"Kí ni?"

"Òkúta gígùn tó bá já bọ́ látinú ọkọ̀, báwo ló ṣe máa ń sùn?"

"Á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀."

"Èyí dúró."

Lepen tún wò ó. Mo rí ọrùn rẹ̀ tó ń gùn.

"Èkejì náà dúró," Soulik ní. "Wò ó lápá ọ̀tún. Ẹ̀kẹta wà lọ́hùn-ún. Wọ́n tò."

"Bàbá mi ní wọ́n já bọ́ ni."

"Bàbá rẹ ò wò ó dáadáa."

"Bàbá mi sọkún níbí yìí, Soulik."

"Ẹkún ló bò ó lójú nígbà náà. Mi ò bú u." Ó ṣì ń wo ìsàlẹ̀. Mo ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù lábẹ́ ọwọ́ mi. "Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni mo ti ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò yẹn rí ìlú kan lábẹ́ omi kí wọ́n tó kọ́ tòkè. Gbogbo àgbà ló ń sọ ọ́. Mi ò gbà á gbọ́ rí. Mo kàn ń sọ ọ́ nítorí pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn."

"Ta ló wá kọ́ ìyẹn?" mo béèrè.

Àwọn àgbà méjì tó ní èsì fún gbogbo nǹkan wo ojú ara wọn, wọ́n sì tún wo omi.

"Lihna," Soulik ní, "wọ omi."

Mo wọ gíláàsì ojú tí mo fi máa ń wá ẹja lábẹ́ omi, mo fa èémí sínú, mo sì bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì mi. Omi ibẹ̀ tutù ju ti inú ìlú lọ. Mo dé orí nǹkan náà, mo gbá a mọ́ra, apá mi méjèèjì kò sì ká a. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀, mò ń fa ara mi, etí ń dùn mí. Ohun tó jẹ́ àwọ̀ ewé di aró, aró di dúdú. Kò dín kù, kò tẹ̀, kò parí. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Èkejì dúró síbẹ̀, àlàfo sì wà láàárín àwọn méjèèjì, ó fẹ̀ tó ibi tí èèyàn lè rìn gbà. Lẹ́yìn àlàfo náà, òkùnkùn ni. Kì í ṣe òkùnkùn tó ń bani lẹ́rù. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá dé ẹnu ọ̀nà ilé àgbà kan tí kò sì mọ̀ bóyá wọ́n ní kó wọlé. Èémí mi tán. Mo yọ sókè.

Wọ́n ti nà jáde látinú ọkọ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n dà á nù.

"Ó kan ilẹ̀?" Soulik ní.

"Mi ò dé ilẹ̀, Bàbá."

"Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ àbí ó dúró?" Lepen ní.

"Ó dúró, sà. Ó ń lọ sísàlẹ̀ ni. Ẹnu ọ̀nà wà láàárín wọn. Tàbí ohun tó jọ ẹnu ọ̀nà. Mi ò rí òpin rẹ̀."

"Iyùn ló hù bẹ́ẹ̀," Lepen ní, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò múlẹ̀.

"Iyùn wo ló ń tò lórí ìlà?"

"Mo ti rí iyùn tó tò rí."

"Níbo?"

"Ní Sokehs."

"Gbogbo nǹkan ló wà ní Sokehs. Ìgbà wo ni afẹ́fẹ́ tún máa dákẹ́ báyìí?"

"Tó bá ṣe oore, oṣù tó ń bọ̀, tí òṣùpá bá tún rí báyìí."

"Oṣù tó ń bọ̀ nìyẹn. Ká mú okùn gígùn wá, ká so òkúta mọ́ ọn, ká fi wọn ibi tó jìn dé. Lihna, kó o máa fi sísé èémí kọ́ra láti òní lọ. Ó ti pọ̀ jù, bó o ṣe tètè ń yọ sókè yẹn." Ó fi ẹ̀yìn ti ìdí ọkọ̀, ó fa agbọ̀n mọ́ra, ó sì ṣí ewé orí rẹ̀. "Kí ni Klemensia dì fún wa?"

Bẹrẹfúùtù sísun ni, àti ẹja. Ó bu bẹrẹfúùtù, ó fi sẹ́nu. Mo di etí ọkọ̀ mú nínú omi, mi ò mira. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó tún bu òmíràn.

"Ṣé ẹni tó fẹ́ kú ló ń jẹ báyìí?" Lepen ní. "Dá tèmi sí."

"Ìwọ náà ti sọ tìẹ tán. Ṣé o ò ní lọ dùbúlẹ̀?"

"Èmi? Ọ̀kan nìyẹn. Mẹ́ta ló ṣì kù nínú mi."

"Irọ́ ni."

"Mẹ́rin."

"Lepen, irọ́ ni. Gbà, jẹ ẹja. Nígbà tí bàbá rẹ gbé ọ wá síbí, apá wo ni oòrùn wà? Ronú dáadáa kó o tó dáhùn."

Lepen fi ẹja sẹ́nu, ó ronú. Mo gun ọkọ̀, omi ń kán lára mi. Omi òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó sì yẹ ká máa lọ kí inú ìlú tó gbẹ mọ́ wa nídìí. Mo fẹ́ sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n Soulik ti tún fi àyà ti etí ọkọ̀, bẹrẹfúùtù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ kejì ṣíji bojú kó lè rí ìsàlẹ̀ dáadáa, ni mo bá jókòó ti ọ̀pá.